Bàbá Tí Wọ́n Gé Ṣòkòtò Rẹ̀ ní Odòdè

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Benedict Ọ̀ṣúndé ní Ìdànrè lónìí, kò sí ẹni tó máa bi yín bóyá ó pẹ́ nínú iṣẹ́ panápaná kó tó fẹ̀yìn tì, tàbí bóyá ó kọ́lé. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé, "Ṣé èyí tí ọmọbìnrin gbé jáde nínú sítọ́ọ̀ kòkó, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ṣòkòtò rẹ̀ lójú títì?" Ẹ óò ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á wolẹ̀ díẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ náà kì í ṣe bàbá nìkan ni ó yẹ kí ojú tì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni, òjò ńlá sì ti rọ̀ mọ́jú. Sítọ́ọ̀ kòkó Alàgbà Fọláyan wà ní ìsàlẹ̀ títì ní Odòdè, níbi tí ilẹ̀ ti rì wọnú. Kòkòrò ti wọ kòkó rẹ̀, ó sì fẹ́ pa wọ́n kí oníbàárà tó dé. Oògùn oníhóró funfun ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi tapólì bo àpò kòkó, wọ́n á kó oògùn náà sábẹ́ rẹ̀, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ á sì pa gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà ló ń ṣe é. Fọláyan ṣírò ohun tí oníṣẹ́ máa gbà, ó ní òun náà lọ́wọ́, òun náà lójú, ó sì ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tí kò ṣírò mọ́ ọn ni ihò tó wà lára páànù òrùlé.

Oògùn yẹn àti omi kò gbọdọ̀ pàdé. Bí omi bá kàn án, gáàsì inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní béèrè bóyá kòkòrò ni yín tàbí ènìyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èéfín tín-ín-rín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ó ń rùn bí ìgbà tí ènìyàn gún ááyù mọ́ ẹja tó ti rà. Gbogbo àdúgbò ní kòkó ń jóná. Ẹnìkan pe panápaná. Àwọn yòókù pe Benedict.

Ó ti múra Máàsì. Ó dé pẹ̀lú agbádá, ó wo èéfín náà bí dókítà ṣe ń wo aláìsàn, ó ní kí wọ́n máa pọn omi wá. Wọ́n pọn omi. Wọ́n dà á gba ojú fèrèsé, garawa lé garawa. Èéfín náà di ìlọ́po méjì. Benedict mi orí. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Iná ń kú lọ nìyẹn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kó tó kú."

Ìgbà náà ni ọkọ̀ panápaná dé. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Mojọlá, ọmọbìnrin kan láti Aládé, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ikọ̀. Ọkọ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀ wá síbi sítọ́ọ̀. Òkè ló dúró sí lọ́hùn-ún, níbi tí atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ara àpáta ti ń fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Mojọlá so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ orí igi, ó gbé e sókè, ó sì dúró tó ń wo ibi tí ọ̀rá náà ń fì sí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilé ń rú èéfín, panápaná dúró lókè, wọ́n ń wo ọ̀rá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé itọ́ lẹ fẹ́ fi pa á láti ibẹ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, ọkọ̀ ti rẹ̀ wọ́n."

"Panápaná tó ń bẹ̀rù èéfín. Ó dáa, ẹ lọ máa ta mílíkì."

Ẹnìkan ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. A rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò rántí pé èéfín náà ń bọ̀ wá bá wa.

Benedict gòkè lọ bá wọn pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lẹ ń dúró dè? Ẹ fa rọ́bà omi yín sọ̀ kalẹ̀."

Mojọlá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Omi dà?"

"A ò tíì mọ ohun tó wà nínú ilé yẹn, sà."

"Kòkó ni. Ta ni kò mọ kòkó ní Ìdànrè?"

Mojọlá yíjú sí Fọláyan, tó dúró sẹ́yìn igi. "Alàgbà, kí lẹ lò sí kòkó yín?"

"Kò sí nǹkan kan." Ó wúkọ́. "Oògùn díẹ̀."

"Olómi ni àbí oníhóró?"

Fọláyan wo bàtà ara rẹ̀. "Oníhóró."

Ojú Mojọlá yí padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da omi mọ́. Ó ní kí gbogbo àwọn tó dúró nísàlẹ̀ gòkè wá, kí wọ́n kó àwọn tó ń gbé ní ẹsẹ̀ odò jáde nílé, nítorí pé gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibi tó rì ló ń wá. David, ẹni kejì rẹ̀, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń ké. Àwọn díẹ̀ gòkè. Àwọn yòókù ní àwọn fẹ́ ríran dáadáa.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti figbe ta pé Olúlékè ọlọ́dẹ ń sùn nínú sítọ́ọ̀ náà.

Mojọlá ní àwọn máa wọlé. Ṣùgbọ́n wọn kì í sáré wọ irú ibẹ̀. Ẹni méjì ni yóò gbé ìbòjú wọ̀, tí wọ́n á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn. Ẹnì kẹta á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka afẹ́fẹ́ tó kù fún wọn. Wọ́n á yẹ ìbòjú ara wọn wò bóyá ihò wà níbì kan. Ó ń gba àsìkò. Benedict kò ní àsìkò. Ó ti bọ́ agbádá rẹ̀, ó ti rẹ aṣọ ìnujú sínú garawa, ó ń so ó mọ́ imú.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀."

"Ní Apapa, aṣọ tútù la lò."

"Aṣọ ò dá gáàsì dúró, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ó tún kúnlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wúwo lọ́rùn rẹ̀ àti sílíńdà lẹ́yìn.

Nígbà tó máa fi dìde, bàbá ti wọlé.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ tó ṣubú. Mojọlá àti David wọlé. Láàárín ìgbà náà, ọ̀kadà kan já ọkùnrin kan sílẹ̀ lẹ́yìn èrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló wà nínú ibẹ̀?" Wọ́n ní, "Olúlékè ni, ọlọ́dẹ." Ọkùnrin náà ní, "Olúlékè wo?" Òun ni Olúlékè. Ilé àna rẹ̀ ní Àtọ́sìn ló sùn.

Mojọlá gbé Benedict jáde ní èjìká bí ẹni gbé ọmọ tó sùn lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e gòkè dé ibi tí atẹ́gùn ti mọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìyẹ̀fun oògùn náà ti lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ níbi tó ti rákòrò láàárín àpò kòkó. Bí wọ́n bá gbé e wọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gáàsì á tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn, á sì mú àwọn nọ́ọ̀sì. Nítorí náà wọ́n gé aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, láti ọrùn dé kókósẹ̀, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun náà dànù, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́. Lójú títì. Ní àsìkò tí Máàsì àkọ́kọ́ ń tú.

Ojú Benedict là. Ó rí ọ̀run, ó rí àpáta, ó rí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n dúró lẹ́sẹẹsẹ. Ó tún pa ojú náà dé.

Wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Ní Odòdè, panápaná kò da ẹ̀kán omi kan sí sítọ́ọ̀ náà. Wọ́n fi okùn dí ọ̀nà, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ oògùn yẹn, wọ́n wọ ìbòjú ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbà á kọjá. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan, tó máa ń ké bí gáàsì bá wà, wọn afẹ́fẹ́ inú ilé títí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Kí ó tó dákẹ́, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé. Àwọn tó dúró wòran nísàlẹ̀ bì títí di alẹ́. Owó ìran tí wọ́n wò nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí Benedict jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì láti Èkó ló ti fi ara rẹ̀ ṣe panápaná gbogbo Ìdànrè, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó lè wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn, á lọ tààrà sí ilé ìdáná, á tẹ imú mọ́ sílíńdà gáàsì. "Èyí ń jò." Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹja la ń dín." Á ní kí wọ́n gbé sílíńdà náà síta, kí wọ́n sì bu ẹja díẹ̀ fún òun kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò sinmi. Bí Fádà bá ti ń fì túràrí, tí èéfín ń ga, Benedict á dìde, á máa ṣí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ariwo. Lọ́jọ́ kan Fádà dúró. Ó ní, "Bàbá, ọ̀run ni èéfín yìí ń lọ." Benedict ní, "Fádà, ibẹ̀ náà á ní fèrèsé."

Ìtàn Apapa sì rèé. Gáàsì kan jò ní Apapa nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì kojú rẹ̀, aṣọ tútù nímú. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́dún yìí, ilé kan ni gáàsì náà gbà. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀, ó ti di àdúgbò. Kí ó tó kú, òkun ti wọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni ìlú wá sọ di akọni. Fídíò yẹn tàn ká. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé panápaná dúró lókè, bàbá arúgbó sì sáré wọnú èéfín. Ẹni tó yà á ti gé apá ibi ṣòkòtò kúrò, ìwà ọmọlúwàbí kan ṣoṣo tí a hù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Benedict padà láti ilé ìwòsàn, àwọn ọ̀dọ́ ń kí i ní "Akọni Odòdè". Kò kọ̀ ọ́. Ó kàn ń mi orí.

Fọláyan, tí kòkó rẹ̀ ti bàjẹ́, fi ẹ̀sùn kan ikọ̀ panápaná pé ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ilé òun. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Mojọlá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní Aládé pé kó bá òun tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ẹlẹ́rìí tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè kò sì ju ọ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́ náà, Fọláyan gbé iṣu wá sílé Benedict. "Bàbá, mi ò ní kí ẹ purọ́. Ohun tí gbogbo ayé rí ni kí ẹ sọ."

Nígbà tó lọ tán, Olúrónkẹ́, ìyàwó Benedict, gbé iṣu náà wọlé. Ó ní, "Bàbá Tófúnmi, ohun tí gbogbo ayé rí, ìdí yín ni."

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá náà bi Mojọlá léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí arúgbó wọ inú gáàsì lójú rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," Mojọlá dáhùn. "Ó yẹ kí n dì wọ́n mú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n ni."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kò fi nǹkan kan kún un. Kò dárúkọ garawa, kò dárúkọ èébú tí a bú u. Ó jókòó.

Wọ́n pe Benedict. Ó dìde pẹ̀lú agbádá tuntun, ó tún ọrùn ṣe, ó sì gbà á láti ibi tó máa ń gbà á. "Ní Apapa, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́..."

"Bàbá," ọ̀gá náà ní, "Odòdè la wà."

Benedict wo ọ̀gá náà, ó wo Fọláyan, ó wo ọmọbìnrin tó jókòó tó di ọwọ́ lé itan. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láìní ikọ́.

Ó wá ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n da omi sí i. Ọmọ yìí ní kí n má wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì." Ó ṣí fìlà. "Mo wọlé nítorí pé ẹ ń wò mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń wò ó lọ́jọ́ náà, a ò mọ ibi tí a máa wò báyìí.

Ọ̀gá náà ní ẹjọ́ tán, ṣùgbọ́n Mojọlá jẹ̀bi lápá kan. Òun máa kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Benedict, tí kì í ra bọ́tìnnì láìná an, kò tíì jókòó.

"Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu."

"Bàbá, òfin ní kí a kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ sórúkọ mi."

"Ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́."

"Ẹ gbà mí padà di ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì tún lé mi."

Wọ́n ná ìkìlọ̀ náà títí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ó tún fi di ìmọ̀ràn, tí ọ̀gá náà fi ní kí àwọn máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mojọlá padà sẹ́nu iṣẹ́. Yàrá ẹ̀yìn tí ìyá rẹ̀ tún ṣe, adìyẹ ló gbà á.

Láti ìgbà náà ni Benedict ti dá òfin kan kalẹ̀: níbi tí gáàsì bá ti jò, kò sí àgbà. Kí ẹnikẹ́ni má kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n fa àgbà láṣọ bí ọmọ wẹ́wẹ́. Ó mú òfin náà lọ sí ibi tí panápaná ti ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́, wọn ò sì rí i lé lọ. Bí ìdánrawò bá ti ń lọ, á yọ lójijì pẹ̀lú agbádá àti ọ̀pá, á máa rìn lọ síbi tí wọ́n fi okùn dí.

"Ẹ káàsán sà," ọmọkùnrin kan á ní, á sì tẹríba.

"O ti kú," Benedict á ní. "Èmi náà ti kú. Ẹni tó kàn."

Ẹni tó kàn á pariwo mọ́ ọn pé, "Bàbá, ẹ padà sẹ́yìn." Benedict á yí padà, inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tó bá dé iwájú díẹ̀, á tún bínú. "Ṣùgbọ́n ṣé bí wọ́n ṣe ń bá bàbá yín sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn?"

Ó sọ ìtàn ṣòkòtò fún gbogbo wọn, kò fi ohunkóhun pa mọ́, ó tilẹ̀ ń fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Ojú ń tì í tó bá ń sọ ọ́. Ẹ máa rí i tí etí rẹ̀ ń gbóná. Á sì tún sọ ọ́ lọ́la.

Ohun kan wà tí kò lè ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n ṣe lóore, ilẹ̀ kì í mọ́ lọ́jọ́ kejì kó má lọ kí ẹni náà pé ẹ kú àná. Olúrónkẹ́ sọ pé ó múra fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Á dé ìkóríta Aládé, á padà. Ó lè dúró níwájú gbọ̀ngàn, ó lè ṣe òkú fún àwọn ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n kí ó lọ bá ọmọ yẹn lójúkojú, kí ó ní o ṣé tí o gbé mi, ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìdánrawò, ọ̀rọ̀ sílíńdà ni wọ́n ń sọ.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, tó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí, Mojọlá wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ra búrẹ́dì dání. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ panápaná tó ti dẹnu kọlẹ̀. Benedict wá bi í léèrè láìwo ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn, ṣé mo wúwo?"

"Ẹ wúwo, sà. Bí àpò kòkó kan."

"Àpò kan péré?"

Mojọlá rò ó wò. "Àpò kan àti ààbọ̀."

"Ó yá, ìyẹn dáa." Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé itan. Ó fi 'ẹ' pe ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ orí.

"Mojọlá, ẹ kú àná."

Olúrónkẹ́ ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, òun kò sì lè rìn síwájú, òun kò lè rìn sẹ́yìn. Àná wo? Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mojọlá kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè. Ó gbé fìlà náà lórí itan rẹ̀, ó dé e padà fún un, ó sì tún etí fìlà náà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí bàbá náà ṣe fẹ́ràn kó máa rí.

"Kò tó ọpẹ́, sà," ó ní. "Ṣé ara ò gbóná láti àná?"